Ọ̀rọ̀ Bàtà Tí O Kó Ránṣẹ́ sí Ìlú Wa, àti Irun Líìlì

Bọ́lánlé ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le. Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá, ẹni tí ara rẹ̀ ò le kò lè pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, ẹ̀rọ tó ń mú ilé yìí móoru ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ oòrùn, àmọ́ mo wà, orí mi sì pé. Mo tètè sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé tó o bá kà á dé àárín, wàá ní ogbó ló ń da Màámi láàmú. Kì í ṣe ogbó. Ìwọ lò ń dà mí láàmú.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ni pé o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán mọ́. Bí mo bá pè ọ́, o wà nínú ìpàdé. Bí o ò bá sí nínú ìpàdé, ò ń wakọ̀. Bí o ò bá wakọ̀, o ti ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ilé máa gbọ́ mi, kí ẹ lè máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwé ò ṣeé pa mọ́ èèyàn lẹ́nu. Mi ò kàwé púpọ̀, kò pamọ́ fún ọ, àmọ́ Yorùbá ọwọ́ mi ṣeé kà. Bó o bá rí àṣìṣe, fi í sílẹ̀ bó o ṣe bá a, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Jókòó kà á. Má kà á nínú mọ́tò.

Mo ti kí ọ kú oríire ilé tuntun, mo ti kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun, mi ò ní í kí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú mi dùn pé o ti kúrò nílé ìkẹ́rù tó o ti ń gbé páálí ní Malton, tí o máa ń dé sílé tí ọwọ́ rẹ ti bó. Ọ̀rọ̀ Mofẹ́ ọmọ rẹ ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó o má bàa ní mo parọ́ mọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo wá sílé yín, mo wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo tún sọ̀ wọ bọ́ọ̀sì míì, torí o ní o ò lè wá gbé mi, pé Mofẹ́ ń lọ lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo dé, mo bá ọmọ náà lórí àga ẹnu ọ̀nà, ó ti sùn lọ fọnfọn. Irun rẹ̀ ṣì tutù. Ẹsẹ̀ kan wà nínú bàtà, ìkejì wà níta. Báàgì lúwẹ̀ẹ́ wà lọ́tùn-ún, àpótí gòjé òyìnbó yẹn wà lósì. Mo fọwọ́ tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe "Ẹ káàbọ̀." Òyìnbó ló fi bi mí bóyá òun ti pẹ́. Mo ní, "O ti pẹ́ síbo?" Ó ní òun ò rántí.

Ọmọ ń sáré lọ síbì kan, kò rántí ibẹ̀!

Mo ní kó ka gbogbo ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé fún mi. Ó kà á: kílọ́ọ̀bù àríyànjiyàn, kílọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ tó ń dá rìn, lúwẹ̀ẹ́, gòjé, kílọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣa ike létí omi. Mo ní, "Èwo ló dùn mọ́ ọ nínú wọn?" Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè yẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ní, "Màmá Àgbà, kò dìgbà tó bá dùn. Kó ṣáà ti dáa lórí fọ́ọ̀mù yunifásítì." Ta ló kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn? Èmi kọ́. Mi ò sì rò pé ilé ìwé ni.

Bọ́lánlé, ò ń kó kílọ́ọ̀bù jọ bí ẹni tó ń di ẹrù ìyàwó. Tibí ò gbọdọ̀ dín, tọ̀hún ò gbọdọ̀ dín, kí àwọn àna má bàa fojú kéré wa. Yunifásítì kì í ṣe àna rẹ. Kò sí ìyá ọkọ kankan níbẹ̀ tó fẹ́ máa ka iṣu.

Mo wá béèrè ìdí tí Mofẹ́ ò fi wá sí gbọ̀ngán àdúgbò wa mọ́ láràárọ̀ Sátidé, níbi tó ti ń dirun fáwọn ọmọ. Ó wolẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ bàtà ló gba Sátidé òun. Mo ní, "Ẹgbẹ́ bàtà wo?" Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí i sọ́dọ̀ mi.

Kí ni mo rí? Àgbàlá bàbá mi. Ògiri tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi jókòó sórí àpótí nídìí ògiri náà, ó ń bó ẹ̀gúsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Lókè fọ́tò náà, wọ́n kọ orúkọ Mofẹ́ gàdàgbà pé òun ni olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ tó ń kó bàtà ránṣẹ́ sáwọn aláìní. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ òyìnbó kan. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń bá a lọ. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé ìyá arúgbó yìí ò wọ bàtà rí láyé rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà ló kọ́kọ́ ń yàn kó tó yan aṣọ! Àbẹ̀kẹ́ tí ọkọ rẹ̀ máa ń pariwo pé òun ò ríbi ti ẹrù òun bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí páálí bàtà! O kúkú mọ̀ ọ́n. O ti lo ọlidé nílé rẹ̀. Bàtà funfun tó o wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ta ló yá ọ?

Ta ló tiẹ̀ ń wọ bàtà bó ẹ̀gúsí nínú àgbàlá ara rẹ̀? Nílé tìrẹ ní Mississauga, ṣebí ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa ti ń bọ́ bàtà? O tiẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri níbẹ̀ kí àlejò má bàa gbàgbé. Bí mo bá wá ya fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ níbi tó o ti ń se tíì nínú kíṣìnì, tí mo fi ránṣẹ́ sílé pé, ẹ gbà mí o, Kánádà ti sọ ọmọ mi di aláìníbàtà, ṣé wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?

Àárín ìyẹn lo wọlé, ìwọ àti àpò ọjà. Mo ní, "Bọ́lánlé, kí lèyí?"

O ní, "Màámi, ẹ má jẹ́ kó ká yín lára. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Àwọn wo ló ń ṣe é?"

"Gbogbo èèyàn. Ọmọ Ìyá Dára dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ń kó ìwé kíkà lọ sí Nàìjíríà, wọ́n sì gbà á wọlé. Aṣáájú ni wọ́n ń wá, Màámi. Leadership."

"Ṣé Mofẹ́ ló dá ẹgbẹ́ bàtà yìí sílẹ̀?"

O ní, "Mò ń bá a dá a sílẹ̀ ni."

Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Ò ń bá a dá a sílẹ̀! Ọmọ tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ni olùdásílẹ̀!

Mo ní, "Irun tó ń dì ńkọ́? Ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ." Ibẹ̀ lo ti wá sọ ọ́. O ò tiẹ̀ wò mí, ò ń kó ẹ̀fọ́ sínú fíríìjì. O ní, "Màámi, torí irun dídì kọ́ ni mo ṣe wá sí Kánádà. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé onídìrí lọmọ mi ni?"

Mofẹ́ gbójú sókè, ó wò mí. Mo mú báàgì mi. O ní kí n dúró jẹun, mi ò dúró. Títí bọ́ọ̀sì fi gbé mi dé ilé mi ní Downsview, mi ò mọ ọ̀nà tó gbà.

Mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ yẹn látìgbà náà, mo sì ti rí i pé o ò ní i lọ́kàn láti fi bú mi. Ìyẹn ló tiẹ̀ jẹ́ kó dùn mí jù. O gbàgbé pé mo jókòó síbẹ̀ ni. Jẹ́ kí n rán ọ létí, nígbà náà. Onídìrí ni mí. Iwájú ilé wa n'Íbàdàn, lórí àpótí pákó, àárín orúnkún mi làwọn tíṣà jókòó sí, àwọn nọ́ọ̀sì jókòó síbẹ̀, ìyàwó ọ̀ṣìngín jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń gba ilé àwọn onídìrí méjì mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùkú mi kì í tú títí dìgbà tí ẹni tó ni orí bá fẹ́. Owó ṣùkú ni mo fi rán ọ níwèé, owó kọjúsọ́kọ ni mo fi ra bàtà ilé ìwé rẹ. Bàtà, Bọ́lánlé. Ẹnikẹ́ni ò fi àgbá kó o látòkè òkun wá fún wa.

Kí inú mi tó rọ̀, Àbẹ̀kẹ́ pè mí látilé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ti mọ̀ pé ìjà ló gbé wá, torí ó dùn jù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ̀ ń rí oúnjẹ jẹ lọ́hùn-ún?"

Mo ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

Ó ní, "Mo ní kí n béèrè ni. Ẹni tó bá ń wo èmi Àbẹ̀kẹ́ tó ń rí aláìníbàtà, ó lè jẹ́ ebi ló ń kọ́ ọ lójú."

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, sọ tẹnu rẹ."

Ó ní, "Àgbá yín ti dé. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sílé ìwé, wọ́n ní kí n wá gbà á lórúkọ ìlú. Mo dé ibẹ̀. Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀. Bàtà tó ti lanu wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ga dé orúnkún, tó nírun nínú bí ẹni pé ajá kú sínú rẹ̀."

Mo ní, "Bàtà yìnyín nìyẹn."

"Ẹ̀hẹ́n! Ṣé yìnyín náà ń bọ̀ lẹ́yìn ni? Torí a ò tíì rí i. Adìẹ mi ti yé sínú ọ̀kan nínú wọn o, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ olùdásílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, má purọ́ fún mi pé ìwọ ò ní rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ọmọ-ọmọ mi ló fi fọ́tò náà hàn mí lórí fóònù. Ó ní gbogbo kíláàsì àwọn ti rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹsẹ̀ mi burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"



Ìdí tí mo fi pè ọ́ lánàá nìyẹn. Mo ní kó o yọ fọ́tò náà kúrò. O ní kò ṣeé yọ báyìí, pé fọ́ọ̀mù ń tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé bí ẹgbẹ́ bàtà bá kúrò níbẹ̀, kí ni kí ọmọ wá kọ? O wá pariwo pé mo fẹ́ ba ọjọ́ ọ̀la Mofẹ́ jẹ́, o pa fóònù.

Ó dáa. Mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ku ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ kà á ní oókan, eéjì bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe.

Èkíní: yọ fọ́tò náà. Má sọ fún mi pé o fẹ́ gé ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kó o fi orí sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́. Yọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó o pe Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ. Má gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i bí o ṣe máa ń ṣe sí mi lọ́jọ́ ìbí mi. Pè é kó gbé e. Kúnlẹ̀ níbi tó o bá wà kó o tó sọ̀rọ̀, kì í ríran dé Mississauga, àmọ́ á mọ̀. Bí ó bá bú ọ, jẹ́ kó bú ọ tán.

Èkejì: dín nǹkan kù fún ọmọ náà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, mo bá a lọ. Kò pẹ́, wọ́n ní búrẹ́dì ló ń pawó, mo sá lọ sídìí ààrò. Wọ́n tún ní aró ló kù, mo lọ kọ́ aró, ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá. Ìyá mi ní, "Kí lò ń kọ́ gan-an?" Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Gbogbo ẹ̀." Lọ́jọ́ kan, àǹtí mi kan gbé búláòsì kan wá, ó ní kí n bá òun fi bọ́tìnnì sí i kí òun tètè wọ̀ ọ́ jáde. Mo rán bọ́tìnnì náà, ó dúró dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé mo rán iwájú búláòsì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Wọ́n pè mí ní Gbogbo-ẹ̀ ládùúgbò títí mo fi lọ sílé ọkọ. Irun ló gbà mí lọ́wọ́ orúkọ yẹn, torí irun ni mo jókòó tì. Má jẹ́ kí wọ́n tún rí Gbogbo-ẹ̀ míì nínú ẹbí wa.

Kì í sì í ṣe ọgbọ́n orí mi nìkan. Mofẹ́ ní tíṣà tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn nílé ìwé sọ ọ́ fún un pé nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ dúró tì dáadáa sàn ju ọ̀pọ̀ tó kàn fọwọ́ bà. Mo ní, "Ṣé o sọ fún ìyá rẹ?" Ó ní òun sọ ọ́, pé o ní tíṣà náà ò mọ ohun tójú ọmọ ẹni tó tìlú míì wá ń rí. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá kò mọ̀ ọ́n. Ṣé ìyẹn ló wá ní kí ọmọ má sùn?

Ẹ̀kẹta: fọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ ló ni ín. Mofẹ́ pè mí nígbà ìsinmi ọ̀sán nílé ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní wọ́n fún àwọn láyè kan láti kọ ohun tí èèyàn ń ṣe àti ìdí tó fi ń ṣe é, pé òun jókòó síwájú rẹ̀, òun kọ ìlà kan nípa bàtà, òun pa á rẹ́, òun tún kọ ọ́, òun tún pa á rẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Màmá Àgbà, mi ò mọ ẹni tí mò ń kọ nípa rẹ̀." Yorùbá ló fi sọ ọ́, Bọ́lánlé. Ọmọ tó jẹ́ pé òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn bí mo bá bi í ṣé ó ti jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi tí òyìnbó ò gbé e mọ́ ni.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, mo fẹ́ sọ ti Líìlì báyìí. O ò béèrè rí bí irun dídì yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Inú lífítì ilé wa ni, èmi àti Mofẹ́ la jọ wà níbẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan ń gbé lókè mi, ìjọba fún un ní ọmọ dúdú kan tọ́jú, ọmọdébìnrin kékeré, Líìlì lorúkọ rẹ̀. Ooru mú lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa ń làágùn, ọmọ yìí dé fìlà òtútù. Mo ń wò ó, mo ń wo ìyá. Mofẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ náà ká fìlà sókè díẹ̀. Irun náà ti lẹ̀ pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá. Omijé lé sójú obìnrin òyìnbó náà. Mofẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní òun ti gbìyànjú, pé gbogbo ìgbà tí òun bá fi kóòmù kàn án ló ń ké, pé òun ò mọ ẹni tí òun lè bi tí kò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mofẹ́ ò bi mí léèrè. Ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sílé mi.

Ó fi omi tú irun náà, ó fi òróró tú u, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí mo ṣe kọ́ ọ. Suúrù tán mi, mo ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n ṣe é kíá." Ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Bó bá yá jù, á dùn ún." Ó lé mi kúrò nídìí irun! Èmi! Kó tó dì í tán, ọmọ náà ti sùn lọ sórí itan rẹ̀.

Àwọn ìyá mìíràn gbọ́, wọ́n ń bọ̀, ilé mi ò gbà wọ́n mọ́. Mofẹ́ ló lọ bá ẹni tó ń mójú tó gbọ̀ngán àdúgbò sọ̀rọ̀, tó gba yàrá, tó to àga. Èmi ò bá a lọ. Ìwọ ò bá a lọ. Ó ń kọ́ àwọn ìyá náà fúnra wọn, obìnrin òyìnbó yẹn sì ti lè di ìlà mélòó kan, ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àmọ́ ó dì. Aṣáájú lo ní wọ́n ń wá? Ó dáa náà.

Nísinsìnyí tó o ti fi ẹgbẹ́ bàtà gba Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún pàdé Líìlì nínú lífítì. Ó ti dé fìlà. Ó béèrè Mofẹ́ lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ orúkọ yẹn nínú òyìnbó rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí irun rẹ̀ pé kó wá kí n bá a dì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú.

Bọ́lánlé, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Má rò pé mi ò rí i. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n dá ìwé ẹ̀rí rẹ padà, tí wọ́n ní èyí tó o gbà ní Nàìjíríà ò tó, kó o lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. O ò sunkún. O lọ wọ bàtà ibi iṣẹ́, o lọ gbé páálí ní Malton. Látọjọ́ náà lo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní dá ìwé ọmọ rẹ padà. Mo gbọ́. Ó yé mi. Àmọ́ ẹ̀rù tìrẹ nìyẹn. Má dì í mọ́ Mofẹ́ lórí.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ronú níbẹ̀, mi ò sì ní í fi ìgbéraga purọ́ pé mo mọ̀. Ó lè kọ ti irun síbẹ̀ kí wọ́n má gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó kéré tán, òun ni wọ́n kọ̀, ó lè dìde kó lọ sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá gbà á nítorí ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́, ta ni wọ́n gbà? Ta ni yóò máa jí lọ sí kíláàsì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń wu Mofẹ́ láti kọ́ yẹn? Àbẹ̀kẹ́ ò lè wá, ó ní adìẹ tó ń sàba.

Ọwọ́ mi ti ń ro mí. Ohun tó kù rèé. Jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú èyí tó fẹ́ nínú gbogbo kílọ́ọ̀bù yẹn. Bó bá jẹ́ gòjé ló fẹ́, kó máa ta á, mo ti gbọ́ ọ, kò dùn, àmọ́ kó máa ta á. Èyí tí kò bá fẹ́, jẹ́ kó lọ. Bó bá fẹ́ kọ nípa irun, má bá a kọ ọ́. Má bá a tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kó o má ṣe sọ irun náà di ẹgbẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, torí mo mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn nìyẹn. Bó o bá tún ya fọ́tò orí Líìlì síbẹ̀, èmi àti ìwọ ni.

Mo ti sọ fún ìyá Líìlì pé Mofẹ́ ń bọ̀ ní Sátidé yìí. Mi ò bi ọ́ léèrè, mo ti sọ ọ́ ná. Gbé e wá, kó o má sì jù ú sílẹ̀ kó o sá lọ. Ó pẹ́ tí mo ti rí àárín orí rẹ, wíìgì lo máa ń dé wá bá mi bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Àpótí mi ṣì wà lábẹ́ fèrèsé. Bí Mofẹ́ bá ń di ti Líìlì ní gbọ̀ngán nísàlẹ̀, èmi náà á máa di tìrẹ lókè níbí, ṣùkú kékeré, kò ní pẹ́. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti gbé e lọ síbi iṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ Ajé, o lè dé wíìgì lé e. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Tó o bá dé, bọ́ bàtà rẹ sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní í yà ọ́ ní fọ́tò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Onídìrí.